Èéfín Ilé Alájà

Ìyá tó bí ìyá mi, Hannah Àìná Ògúnṣọlá, máa ń bẹ̀rù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo, nítorí àwọn kan ti ń pè é ní akíkanjú láàárín ìlú, ó sì rọrùn fún wọn láti pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe èèyàn ní akíkanjú tán, kò sẹ́ni tó tún máa béèrè ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí.

Ó ń bẹ̀rù ejò. Ó ń bẹ̀rù ààrá. Bí ọ̀kadà bá gbé e lọ sọ́jà Ìṣẹ́, ṣe ló máa ń di ojú títí tó fi máa sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé sì ti ń dá àwọn èèyàn lọ́nà níhà Emùré, kò lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dúró, kó jẹ́ kí ẹni náà kọjá. Obìnrin tó ń bẹ̀rù tó báyìí ló ń dá gun òkè lọ sí Ilé Alájà ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ti ilé náà pa.

Ilé amọ̀ ni Ilé Alájà. Orí òkè ló wà, lẹ́yìn oko kòkó tó gbẹ̀yìn ládùúgbò wa, láàárín Ìṣẹ́ àti Emùré. Igi ìrókò àti amọ̀ ni wọ́n fi tẹ́ àjà rẹ̀, ó le débi pé èèyàn lè gun àkàbà lọ jókòó sórí rẹ̀, lábẹ́ òrùlé, kí amọ̀ má sì jábọ́. Àwọn bàbá ńlá ọkọ ìyá àgbà ló kọ́ ọ fún tíṣà àkọ́kọ́ tó mú ìwé ABD dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìsìn. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé máa ń wá láti Ìkẹ́rẹ́ wá wò ó. Ìyá àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí wọ́n bọ́ bàtà.

Àwọn ìyàwó ilé ló ń tọ́jú ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó bá jẹ́ ìyáalé láàárín wọn ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Lọ́jọ́ tó bá gbà á, á po amọ̀ pupa, á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, á sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ wọn tò síbẹ̀ látòkè délẹ̀. Ti ìyá ọkọ ìyá àgbà ni àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́. Ti ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ìyàwó ilé mìíràn tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó kù ti kó lọ sí Adó àti Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn.

Wọ́n máa ń gbá ilé náà, wọ́n máa ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ni olórí iṣẹ́. Wọ́n á gbé ìkòkò apẹ sí pálọ̀, wọ́n á dáná sínú rẹ̀, wọ́n á da ewé tútù bò ó. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, wọ́n á fi igi dábùú ìlẹ̀kùn iwájú láti inú. Èéfín náà á gòkè sínú àjà, á wọ inú igi òrùlé, á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ páànù. Ikán kì í jẹ igi tó bá ti gba èéfín bẹ́ẹ̀ sára, àdán kì í sì í sùn síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n mọ ògiri yí ká, á máa wọlé lọ da ewé kún un.

"Ulé yìí ń mí," ni ìyá àgbà máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé. "Ẹ wo ugi òkè yẹn. Ẹ rí i bó ṣe dú? Èéfín àwọn ìyá wa nìyẹn."

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n jí àgbẹ̀ kan gbé ní ìsàlẹ̀ òkè náà. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Ilé Alájà ṣèpàdé, wọ́n sì tì í. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí, igbákejì ọ̀gá iléèwé girama tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ka ìkéde náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kà á ní Yorùbá, ó tún kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òkè náà mọ́. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti gba àṣẹ, ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ọ̀tá ni wọ́n máa kà á sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló wá sílé wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìjọba tán nígbà náà, mo ti parí yunifásítì, mi ò ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo wà. Mo ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò kà mí sí.

"Màmá Motọ́lání," ó pe ìyá àgbà ní orúkọ ìyá mi, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é. "Ẹ ẹ̀ ní jẹ́ kí ikán jẹ ilé yẹn o."

Ìyá àgbà wò ó. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má lọ mọ́."

"Ẹnikẹ́ni ni mo wí, mi ò pe orúkọ yín. Ẹ ṣáà máa yọ́ lọ. Àwọn tó ń rí sí ilé àtijọ́ máa wá wò ó láti Àbújá. Tí wọ́n bá dé tí wọ́n bá a tó ti wó, ojú wo ni ìgbìmọ̀ máa fi wò wọ́n?"

"Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ìlú ńkọ́? Ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ wọn."

"Èmi ni màá bá Olúmúyìwá sọ̀rọ̀." Olúmúyìwá ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, Màmá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ o."

Kò bá Olúmúyìwá sọ̀rọ̀. Kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò bá a sọ̀rọ̀ títí ọdún fi gorí ọdún. Bó bá sọ ọ́, àwọn ìgbìmọ̀ máa mọ̀ pé òun tó ka ìkéde lórí pẹpẹ ló kọ́kọ́ rú u. Ohun tó ń dáàbò bò nìyẹn. Mo ti wá ìdí mìíràn fún un, mi ò rí.

Ìyá àgbà wá ń lọ. Kì í gba ojú ọ̀nà. Ó ń gba abẹ́ kòkó, ó ń bọ́ sílípáàsì sọ́wọ́ nítorí ewé gbígbẹ, ó sì máa ń fi ewé kókò bo ìgbálẹ̀ inú apẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lè rò pé oko ló ń lọ. Ó máa ń fi fóònù sílẹ̀ nílé kó má baà dún. Bí ẹnì kan bá rí èéfín rẹ̀ lókèèrè nígbà náà, á rò pé àgbẹ̀ ló ń sun igbó. Bó bá padà dé, á jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, á ní kí n fún òun lómi, omi náà á sì máa dà sí i láyà bó ṣe ń mu ún. Aṣọ rẹ̀ á máa rùn fún èéfín. Mo wá kórìíra òórùn yẹn.

"Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé yín," ni mo wí.

"Rárá, ọkọ mi. Tí wọ́n bá mú mi, arúgbó ni wọ́n mú."

"Ẹ jẹ́ kó wó nígbà náà. Ilé amọ̀ ni, Ìyá Àgbà. Amọ̀ lásán."

Ó bínú sí mi lọ́jọ́ yẹn. "Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ń bẹ lára ẹ̀. Èmi ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Kí ni mo fẹ́ wí fún un lọ́run, pé ẹ̀rù bà mí?"

"Ẹ̀rù ń bà yín lóòótọ́ ni."

"Ó ń bà mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ wí i fún un."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí mú, wọ́n jí Mísíìs Adérẹ̀mí gbé. Tíṣà ni ní iléèwé pírámárì wa, ọ̀kadà ló gùn bọ̀ láti Emùré. Ọlọ́kadà sá wọgbó, ó délé láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà ìlú dákẹ́. Àwọn ìyá tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń palẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń lọ sóko ní méjì méjì, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ wọn ò lọ mọ́. Ọkọ tíṣà náà máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀, fóònù lórí itan, kì í kí ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í kí i. Mo gba apẹ̀rẹ̀ ìyá àgbà, mo gbé e sórí pẹpẹ gíga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan mo lọ pọnmi ní bọ̀rìhóòlù. Ìlà gùn. Nígbà tí mo dé, kò sí nílé. Mo rò pé ó lọ kí aládùúgbò. Bí mo ṣe ń da omi sínú dúrọ́ọ̀mù ni mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pa á. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró sí ibi ìlẹ̀kùn mọ́tò.

"Praise, báwo ni? Màmá ńkọ́?"

"Ẹ káàsán, sà. Wọn ò sí nílé."

"Níbo ni wọ́n lọ?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó nu ojú rẹ̀. "Wọn ò lọ sókè, àbí?"

Mo wo orí pẹpẹ náà. Apẹ̀rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo padà wo ojú ọkùnrin náà, ó ti wọ inú mọ́tò, ó ń ti ìlẹ̀kùn.

"Ó dáa, kò sí nǹkan. Mo kàn ní kí n yà kí wọn ni."

Mo di ìlẹ̀kùn mọ́tò náà mú. "Kí ló dé?"

"Praise, fi mí sílẹ̀."

"Kí ló dé, sà?"

Ó sọ ọ́, ó ń wo iwájú mọ́tò. Ẹnì kan rí èéfín ní Ilé Alájà láti oko rẹ̀, ó sáré wá wí. Àwọn ìjòyè pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n ní àwọn ajínigbé ló ń dáná níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi Mísíìs Adérẹ̀mí pa mọ́ sí. Olúmúyìwá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó ìbọn, wọ́n ti lọ.

"Ẹ wà níbi ìpàdé náà?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù."

"Ṣé ẹ dárúkọ ìyá àgbà mi?"

Ó gbá ìdarí mọ́tò mú. Mo tún bi í.

"Mi ò mọ̀ dájú pé àwọn ni," ó ní. "Àwọn ìjòyè jókòó síbẹ̀, Praise. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní kí n kọ́kọ́ wá wò ó bóyá wọ́n wà nílé."

Mo wọ mọ́tò náà. Mo ní kó wà á. Mo pe Olúmúyìwá lórí fóònù, ó ti pa á. Mo tún pè é, mo sì ń gbọ́ ohùn obìnrin inú fóònù tó ń wí pé nọ́ńbà náà kò ṣeé pè. Ẹ̀rù tó bà mí kò jọ èyí tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tutù. Mo ń rí gbogbo nǹkan kedere: eruku lórí ewé, ìgò omi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, irun funfun létí ọkùnrin náà. Mo ń tẹ́tí sí ìró ìbọn.

Ní ìsàlẹ̀ òkè ló dúró.

"Mọ́tò yìí ò lè gùn ún," ó wí.

Mo mọ̀ pé ó lè gùn ún. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé máa ń gùn ún. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì ń sáré. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti yí mọ́tò náà padà, ó kọjú rẹ̀ sílé, kò pa á.

Mo gba ojú ọ̀nà. Mo fẹ́ pariwo orúkọ Olúmúyìwá, mo sì rántí pé bó bá jẹ́ pé àwọn ajínigbé wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi ni wọ́n máa gbọ́. Mo pa ẹnu mọ́. Èéfín náà ti hàn lókè igi, ó funfun, ó nípọn. Mi ò tíì dé ibi tí ilé ti hàn tí ọwọ́ kan fi jáde láti ẹ̀yìn igi kòkó, ó fà mí lulẹ̀, ó sì dí mi lẹ́nu. Òórùn epo ìbọn ló wà lára ọwọ́ náà. Mo rò pé ó ti tán. Mo rò pé wọ́n ti mú mi. Mo bu ọwọ́ náà jẹ.

"Praise! Orí ẹ ò pé ni? Èmi ni, Victor ni!"

Victor tí a jọ ka pírámárì ni. Ẹ̀ṣọ́ ni báyìí. Òógùn bò ó.

"Kí lo wá ṣe níbí? O fẹ́ kí wọ́n pa ẹ́?"

"Ìyá àgbà mi ló wà níbẹ̀," ni mo wí. "Ìyá àgbà mi ló ń dáná. Òun nìkan ni."

Olúmúyìwá fi àyà wọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ó gbọ́ ohun tí mo wí, ó sì mi orí.

"A ti pè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Tó bá jẹ́ Màmá ni, kí ló dé tí wọn ò dáhùn? A sì gbọ́ ikọ́ obìnrin nínú ilé náà. Ó hú u lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ náà sì gé, bí ìgbà tí wọ́n bá di èèyàn lẹ́nu. Tíṣà ni. Ẹnì kan ló ń di tíṣà lẹ́nu níbẹ̀."

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nísinsìnyí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ìyá àgbà sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà ní ọsibítù, kò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ẹsẹ̀ wọn pọ̀, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ tí irin kan irin. Ó yára wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sì rọ́nà sá. Ó wo ìkòkò tó ń rú èéfín, ó fẹ́ da omi sí i, ó wá rò ó pé wọ́n máa gbọ́ bó ṣe máa hó. Ó gun àkàbà lọ sí àjà. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá já ìlẹ̀kùn wọlé, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gun ibi tí èéfín pọ̀ sí. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, nínú èéfín tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá. Nígbà tí ẹnì kan ké láti ìta pé, "Ẹ jáde! A ti yí yín ká!" ó dá a lójú pé àwọn ajínigbé ni. Ikọ́ mú un. Ó hú u lẹ́ẹ̀kan, ó sì ki etí ìró tó ró mọ́ra bọ ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ló di ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní omi ń dà lójú òun, òun kò sì rí ọwọ́ òun mọ́, òun wá ń ka orúkọ àwọn ìyá tí ọwọ́ wọn wà lára ògiri nísàlẹ̀, kí òun má baà sùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá sùn, òun kò ní jí.

Níta, Olúmúyìwá ní àwọn máa já ìlẹ̀kùn. Mo ní tí wọ́n bá já a, wọ́n máa yìnbọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n pè é. Ó wò mí, ó ní, "Pè é."

Mo dìde dúró níbi tí wọ́n ti lè rí mi láti ojú fèrèsé. Mo ké.

"Ìyá Àgbà! Èmi ni! Praise ni! Ẹ jáde, kò sí nǹkan!"

Kò sí ìdáhùn.

"Ìyá Àgbà! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já a! Ẹ jáde!"

Ilé náà dákẹ́. Èéfín ń yọ lábẹ́ páànù. Lẹ́yìn mi, Victor ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Kì í ṣe òun. Kì í ṣe òun. Mo wí fún ẹ." Mo gbọ́ tó fa ìbọn rẹ̀ sẹ́yìn.

Òun ni. Ó gbọ́ ohùn mi, ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó rò ni pé wọ́n ti mú mi. Ó rò pé mo wá a wá sórí òkè, wọ́n sì gbá mi mú, wọ́n wá ń fi ìbọn tì mí kí n lè pè é jáde. Ó gbọ́ ẹkún nínú ohùn mi, ìyẹn sì tó o ní ẹ̀rí. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Kò ríran. Ó fọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé ìlẹ̀kùn iwájú, ó sì yọ igi tó dábùú rẹ̀.

Igi ìrókò ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó já bọ́ lu ilẹ̀, ó sì dún gbàà.

Victor yìnbọn.

Ẹyẹ tú kúrò lórí gbogbo igi. Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kùn yẹn ṣí díẹ̀díẹ̀, èéfín sì tú jáde, mi ò rí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo wo òkè, níbi tí orí èèyàn máa ń wà. Ilẹ̀ ló wà. Orí eékún ló fi ń rìn bọ̀, ọwọ́ méjèèjì lókè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti apá òsì lọ sí ìgúnpá. Ojú rẹ̀ dì. Ibi tí kò sí ẹnì kankan ló kọjú sí.

"Ẹ fọmọ sílẹ̀," ó ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi rèé. Èmi ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹ fọmọ náà sílẹ̀."

Olúmúyìwá ju ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. "Yéè! Màmá Motọ́lání!" Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Ìyá àgbà gbọ́ tí èèyàn ṣubú, ó fà sẹ́yìn, ó sì tún gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè sí i. Mo dì mọ́ ọn. Ó ń fọwọ́ wá ojú mi, ó ń bi mí pé, "Wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọkọ mi, wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀?" Ó pẹ́ kí ó tó gbà pé ẹ̀ṣọ́ ìlú ni wọ́n. Nígbà tó gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, kò sì lè dá ikọ́ náà dúró mọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí ni wọ́n fi gbé e, nítorí pé kò sí òmíràn. Ọkùnrin náà ń wí lójú ọ̀nà pé kí a ṣọ́ra kí ẹ̀jẹ̀ má dà sí ìjókòó.

Dókítà yọ ọta wẹ́wẹ́ méjì ní apá rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ló gba ìyókù ọta náà. Ohun tó pẹ́ jù ni àyà rẹ̀. Ó wà lórí ibùsùn ní Ìṣẹ́ títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, kò sì lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn ajínigbé dá Mísíìs Adérẹ̀mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà mìíràn tó jìnnà. Kò fi ìgbà kankan sún mọ́ òkè wa.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí wá kí i. Ó gbé iṣu wá, ó gbé mílíìkì wá. Mo ní kó gbé e padà.

"Praise!" ni ìyá àgbà wí. "Gba uṣu lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ má dá a lóhùn, ọmọdé ni."

"Àṣìṣe ni, Màmá," ọkùnrin náà wí. "Gbogbo wa la ṣe é."

"Gbogbo wa kọ́," ni mo wí.

"Praise."

Mo gba iṣu náà. Nígbà tí mo sè é, ìyá àgbà jẹ nínú rẹ̀, ó ní ó dùn. Èmi ò jẹ.

Àwọn ará Àbújá wá nígbà tí ó yá, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì sìn wọ́n gòkè. Orí wọn wú. Wọ́n ní àwọn ò rí ilé amọ̀ tí igi òrùlé rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti lọ. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ kò fi ìgbà kan dáwọ́ ìtọ́jú dúró. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà fi ìka sí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ìlẹ̀kùn, ó béèrè ohun tó ṣe é.

"Kòkòrò ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí dáhùn. "Kòkòrò ló jẹ ẹ́."

Ìyá àgbà wà lẹ́yìn níbẹ̀, lórí àga tí wọ́n gbé wá fún un. Ó gbọ́. Ó wolẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, òun náà sì fi ọwọ́ kan tó dára lu itan. Ó ti dárí jì í. Mo mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́ fún mi, ó sì fẹ́ kí èmi náà ṣe é. Mi ò tíì ṣe é.

Ilé náà ṣì wà ní títì. Ó ṣì ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún, ó ní òjò ti rọ̀, ikán ti jáde. Nítorí náà a ní ìlànà tuntun, èmi ni mo ṣe é, mi ò sì gba ti ìgbìmọ̀ kankan. Bó bá fẹ́ lọ, mo máa ń kọ́kọ́ lọ sí búkà àwọn ẹ̀ṣọ́ ní orígun títì. Mo máa ń dúró níwájú Olúmúyìwá títí á fi pe gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kó sọ fún wọn pé Màmá ló ń gòkè, tí mo bá sì ti gbọ́ ohùn ìkẹyìn, mo máa ń fi fóònù sọ fún ìyá àgbà pé kó máa lọ. Kì í fi fóònù sílẹ̀ nílé mọ́. Èmi á wá jókòó sí búkà náà, mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí tó fi máa padà dé.

Ojú mi máa ń wà lórí òkè. Kí èéfín tó yọ, mo máa ń rò pé nǹkan ti ṣe é lójú ọ̀nà. Bó bá yọ, ó máa ń dà bíi pé mo tún fẹ́ gbọ́ ìbọn. Victor náà máa ń wà níbẹ̀. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e fún ẹlòmíràn. Bí èéfín náà bá ti funfun lókè igi, á dìde dúró.

"Praise, ṣé òun ni?"

"Òun ni."

Á jókòó. Afẹ́fẹ́ á gbá èéfín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ò ní rí i mọ́, yóò tún nípọn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá da ewé kún un. Victor á tún dìde.

"Ó dá ẹ lójú pé òun ni?"

Mi ò rí i láti ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè rí i. Mo máa ń dá a lóhùn pé òun ni, mo sì máa ń tún un wí ní gbogbo ìgbà tó bá bi mí, títí tí arúgbó kan á fi jáde lábẹ́ kòkó, apẹ̀rẹ̀ lórí, sílípáàsì lọ́wọ́.